Ọjọ́ Méje fún Òkun

Òórùn náà ti gba ara okùn wá kí ìgò tó yọ lójú omi. Dúrósinmí kọ́kọ́ yí ojú kúrò, ó tún yí i padà, torí ìgbóòórùn omi wà lára iṣẹ́ tí ìlú gbé lé e lọ́wọ́, kò sì sí bí òǹgbóòórùn ṣe lè di imú kó ní òun ń ṣiṣẹ́. Omi náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó tú ìgò kúrò lára okùn, ó kán díẹ̀ sórí dígí, ó sì fi ojú sínú awò tí ń sọ kékeré di ńlá.

Ìwọ̀n àádọ́rin ìnà apá ló sọ ìgò náà sí nísàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé. Ohun tó yẹ kó rí níbẹ̀ ni ajẹwé, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n máa ń gòkè lálẹ́ láti lọ jẹ ewé-omi, tí wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lójúmọmọ láti fara pamọ́. Ewé-omi náà kò ju eruku lọ, ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ajẹwé ló ń jẹ ẹ́, ẹja ló ń jẹ ajẹwé, Òkèomi ló sì ń jẹ ẹja. Láàárọ̀ yìí, ajẹwé kankan kò mira nínú awò. Ewé-omi tó ti kú nìkan ló kún ibẹ̀, ó ń jẹrà, ìjẹrà rẹ̀ sì ti mu gbogbo èémí inú omi tán.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, Ọ̀fun ń kùn. Ọ̀fun ni gbogbo ìlú ń pe páìpù gìrìwò tí ẹ̀rọ fi ń fa omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè, torí inú omi tútù yẹn ni oúnjẹ ewé-omi ń gbé. Ẹgbàajì ènìyàn ló wà ní Òkèomi, ìlú tó léfòó lórí òkun, wọn kò ní ilẹ̀ kankan mọ́, ohun tí Ọ̀fun bá sì fà wá ni gbogbo wọn ń rí jẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti ń kùn láìdákẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń mú un dákẹ́: bí ènìyàn bá kú, Alábòójútó á yí kọ́kọ́rọ́, àwọ̀n á gòkè, ìlú á ṣọ̀fọ̀ ọjọ́ méje.

Ìdí nìyẹn tí aṣọ gbọọrọ kan fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè èbúté: OṢÙ MẸ́RÌNLÁ LÁÌSÍ Ọ̀FỌ̀. Inú ìlú ń dùn, ta ni inú rẹ̀ kò ní í dùn? Ọwọ́ Dúrósinmí gan-an ló kun ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló ti kọ́kọ́ gbóòórùn yìí, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé omi dára, torí kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò ba ayọ̀ ìlú jẹ́ nítorí òórùn tí kò tó nǹkan. Ojú ń tì í báyìí. Ẹ̀rù sì ń bà á ju bí ojú ṣe ń tì í lọ.

Ó gbé ìgò náà lọ bá Adétìmẹ́hìn, Alábòójútó Ọ̀fun, ọkùnrin abikùn ńlá kan tó fi okùn ìwọ̀ so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ mọ́ ọrùn. Adétìmẹ́hìn gbóòórùn ìgò, ó tì í sẹ́yìn, ó sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le. Dúrósinmí ṣàlàyé fún un pé ewé-omi ti pọ̀ ju ohun tí ajẹwé lè jẹ lọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ń kú, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀, ó ń jẹrà níbẹ̀, Ọ̀fun sì ti ń fa omi jíjẹrà náà bọ̀ wá sókè. Bó bá fi lè kùn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí i, gbogbo omi tó yí wọn ká á kú, wọn kò sì ní í rí ẹja jẹ títí ọdún á fi yípo. Kí ló wá fẹ́? Ọjọ́ méje péré ni. Kí Ọ̀fun sinmi, kí ajẹwé rí àyè jẹ ohun tó wà nílẹ̀ tán, kí èémí padà sínú omi.

Adétìmẹ́hìn kò bá a jiyàn, ìyẹn ló sì dun Dúrósinmí jù. Ó kàn rán an létí Ìdákẹ́ Òfo, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí ìgbìmọ̀ dá Ọ̀fun dúró láìsí òkú kí wọ́n lè tún irin rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ṣẹ́ apá ẹ̀gbọ́n Adétìmẹ́hìn, tó jẹ́ Alábòójútó nígbà náà.

"Ìlú yìí kan náà ló máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ méje fún òkú láìkùn," ó ní. "Ojú á tì wọ́n láti sọ níwájú ọlọ́fọ̀ pé ebi ń pa àwọn. Ṣùgbọ́n ebi tí kò lókùú nídìí, Dúró, ta ló máa fara dà á?"

Ó ní kó ní sùúrù di òpin oṣù, kí wọ́n ṣe ayẹyẹ oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ná, bóyá ọ̀nà mìíràn á là. Kò sọ irú ọ̀nà tó ní lọ́kàn, Dúrósinmí kò sì bi í, torí àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe ń lọ sílé, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Tẹ́wọ́gbadé, arúgbó kan tí ikọ́ ti ń dà láàmú láti ìgbà òjò. Ó gbọ́ tí bàbá náà húkọ́, ó sì dúró. Ikọ́ náà gbẹ, ó gùn, lẹ́yìn rẹ̀ inú ilé dákẹ́, ọkàn Dúrósinmí sì fò sókè pẹ̀lú ohun kan tó jọ ayọ̀. Bàbá tún húkọ́, ó ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó bu omi wá fún òun. Ìgbà náà ni Dúrósinmí tó mọ ohun tí òun dúró ṣe níbẹ̀. Ó kórìíra ara rẹ̀ débi pé eré ló sá dé ilé.

Ìyá rẹ̀, Ọmọ́lèrè, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbóòórùn omi fún ìlú kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó sì gbé awò lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìye ni Dúrósinmí ń pè é, bí àwọn ará etí òkun ṣe ń pe ìyá nígbà tí òkun ṣì ní etí. Kò tí ì jókòó tí ìyá náà fi na ọwọ́ gba ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dé e padà wẹ́rẹ́.

"Ikọ́ Bàbá Tẹ́wọ́ ńkọ́?" ló béèrè.

"Ó ṣì ń dà wọ́n láàmú, Ìye."

"O ti bi mí léèrè ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Eékún mi tó ń ro mí, o ò béèrè ẹ̀ rí."

Dúrósinmí bú sẹ́kún. Ó sọ ohun gbogbo fún un, títí kan bí òun ṣe dúró tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà arúgbó. Ìyá kò bá a wí. Ó ń bá àwọ̀n rẹ̀ lọ, ó sì ń ka àwọn òkú bí ẹni ń ka ọmọ ilé. Ó ní lẹ́yìn ọ̀fọ̀ Akínsẹ̀hìnwá ni òórùn omi lọ lọ́dún tí ìjì ńlá jà. Ó ní lẹ́yìn ti ìyá ìbejì tó ń gbé lápá ìwọ̀ oòrùn, ajẹwé pọ̀ débi pé omi ń tàn yanran. Nígbà tirẹ̀, òkú márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n máa ń sin lọ́dún, omi sì máa ń mọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí ó rò pé òkun ń bá wọn kẹ́dùn ni.

"Mo rò pé àánú ni," ó ní. "Àṣé ìsinmi ni. A wá rí oògùn tó dára, ẹnikẹ́ni ò kú mọ́, a sì ń jó." Ó gé okùn àwọ̀n pẹ̀lú eyín tó kù sí i lẹ́nu. "Lọ yọ pákó mi."

Pákó orúkọ gbogbo ará Òkèomi ló wà lára Ògiri Orúkọ. Bí ènìyàn bá kú, ọmọ rẹ̀ tó dàgbà jù láyé ni yóò yọ pákó náà jù sómi, kí Alábòójútó tó yí kọ́kọ́rọ́. Òfin kò sì béèrè òkú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òkun ń jẹ ilẹ̀ àwọn baba wọn, ọ̀pọ̀ ló bá a lọ tí wọn kò rí egungun wọn, ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ sì kà á sí ìwà ìkà láti máa bi ọlọ́fọ̀ pé òkú dà. Ṣùgbọ́n pákó tó bá ti wọ omi, wọn kì í yọ ọ́ mọ́. Dúrósinmí rántí Láníyì apẹja, tí ìgbì gbé lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá, tó léfòó lórí pátákó padà wálé, tí orúkọ rẹ̀ sì ti rì. Àlejò tí kò lórúkọ, onílé ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ tuntun, ó sì gbé oúnjẹ fún un lórí ẹní àlejò. Ọjọ́ mẹ́ta ni àlejò ń lò ní Òkèomi. Lọ́jọ́ kẹrin Láníyì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí òkè ilẹ̀, ibi tí òkun kò jẹ dé, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀.

"Ìye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Wọ́n á ti ṣọ̀fọ̀ mi tán, màá ṣì tún máa jẹun kiri. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí o tó dé. Orúkọ tí mo sọ ọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lọ ṣe é."

Dúrósinmí kọ̀. Ó ní òun á lọ láti ilé dé ilé, òun á fi awò han gbogbo ìlú. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ìyá òun ní òkè ilẹ̀, pé àgọ́ ni wọ́n ń kó àlejò sí níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ tó ń ro ènìyàn kò ṣeé fi tò fún omi mímu. Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì ní kó lọ jẹun. Dúrósinmí kò lè jẹun. Títí oorun fi gbé e lọ ló ń kọ̀.

Orin ló jí i láàárọ̀. Àwọn obìnrin kún etí pèpéle ìlú, wọ́n ń fi báàfù àti apẹ̀rẹ̀ kó ẹja. Ṣàwá ti gòkè wá, wọ́n kún ojú omi bámúbámú, wọ́n ń ya ẹnu sókè, wọn kò sì sá fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò kan kó kún abọ́ fún Dúrósinmí láìtọrọ, ó ní ayẹyẹ oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òkun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àlejò wọn. Dúrósinmí mọ̀ pé èémí ni àwọn ẹja náà ń wá. Omi ìsàlẹ̀ ti lé wọn wá sókè, tòkè náà kò sì ní í gbà wọ́n pẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kà ti pọ̀ jù, bóyá mẹ́ta ló kù.

Ó gbìyànjú. Ó di aládùúgbò náà lápá mú, ó ní òkun ń kú ni, kò ń ṣe wọ́n lóore. Obìnrin náà wò ó pẹ̀lú àánú, ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, kó lọ sinmi. Ló bá padà sínú orin. Dúrósinmí bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tó máa ń wọ̀ bó bá ń lọ síbi pàtàkì, ó ń wo ẹja, kò kọrin. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá fi ojú tọ́ka sí ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, ó sì wọlé.

Ògiri Orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ, omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Adétìmẹ́hìn rí i tó ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun ṣe kọjá nílé wọn láìpẹ́ yìí ni ìyá rẹ̀ fi ikùn òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní oṣù wo ni òun máa bí i. Lẹ́yìn náà ó rí ibi tí ọwọ́ Dúrósinmí ń lọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ni?" ó ní, torí òfin ní kó béèrè.

"Ìyá mi. Ọmọ́lèrè."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí."

Ó la ẹnu. Dúrósinmí rí ìbéèrè náà lórí ahọ́n rẹ̀, èyí kan ṣoṣo tí òfin kò gbà kó béèrè, ó sì dúró dè é. Apá kan nínú ọkàn rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó béèrè. Bó bá béèrè, a jẹ́ pé kò ṣeé ṣe nìyẹn, òun á padà sílé, òun àti ìyá òun á jọ jẹun. Adétìmẹ́hìn wo àwọn obìnrin tó ń kọrin, ó wo ẹja tó ń ya ẹnu lójú omi, ó wò wọ́n pẹ́. Ó pa ẹnu dé, ó sì ṣí fìlà.

"O mọ̀ pé a kì í yọ ọ́ mọ́," ó ní.

"Mo mọ̀, sà."

Pákó náà ti gbẹ dénú. Ó jù ú sómi, ó sì léfòó. Ti ọ̀dọ́ máa ń tètè rì torí igi rẹ̀ ṣì tutù, ti arúgbó ló máa ń ṣe agídí. Dúrósinmí kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ bọ omi, ó sì tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ẹja tó ń kú. Pákó náà ń ti ọwọ́ rẹ̀ padà sókè. Ó ń sunkún, ó sì ń tẹ̀ ẹ́, títí igi náà fi mu omi yó tó sì yọ́ bọ́ lábẹ́ ìka rẹ̀. Adétìmẹ́hìn yí kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀fun dákẹ́. Orin náà dá lẹ́nu àwọn obìnrin. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí láàárín oṣù mẹ́rìnlá bú sẹ́kún ní ilé káàkiri, torí wọn kò gbọ́ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. Lẹ́yìn náà ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà: ta ni, ta ni? Ẹja ọjọ́ ọ̀fọ̀ kì í wọlé. Àwọn obìnrin da báàfù wọn padà sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó kùn. Ẹnìkan gun òkè èbúté lọ ká aṣọ gbọọrọ náà.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ilé Dúrósinmí ti kún. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kẹ́dùn ló ń rí ìyá àgbà náà tó jókòó lórí ẹní àlejò nítòsí ilẹ̀kùn, ó wé gèlè ìrìnàjò, ìdì aṣọ kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n á rí i, wọ́n á wolẹ̀. Àwọn kan bínú, ó hàn lójú wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi ọlọ́fọ̀ pé òkú dà? Wọ́n fa Bàbá Tẹ́wọ́gbadé wá lórí èjìká ènìyàn méjì. Òun nìkan ló wo àlejò náà láìgbójú kúrò, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì húkọ́ títí.

Dúrósinmí bu omi sínú ife, ó gbé e fún àlejò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìyá àgbà náà tẹ eékún rẹ̀ tó ń ro ó díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù o," ó ní. Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò bá a sọ irú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ọlọ́run á tẹ́ ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ gbìyànjú kí ẹ jẹun. Ẹ ò jẹun látàná."

Adétìmẹ́hìn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àlejò, ó sì béèrè orúkọ, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà náà la ẹnu. Gbogbo ohun tó ti pèsè sílẹ̀, láti gèlè títí dé ìdì aṣọ, kò rántí èyí. Ó yíjú sí onílé.

"Yétúndé," ni Dúrósinmí wí.

Adétìmẹ́hìn kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ mẹ́ta sí iwájú rẹ̀. Lábẹ́ ilé, omi pa rọ́rọ́. Yétúndé mu omi inú ife náà tán, ó sì dá a padà fún ọmọ tó ti sin ín.